Iná Tó Tàn Lọ́nà Kétu

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kò ti inú ìwé kankan wá. Ojú ọ̀nà ni ó ti bá wa, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú òjò ọdún tó kọjá, nígbà tí àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ gbéra láti Àjàṣẹ́ lọ sí ìpàdé kan ní Kétu. Ọkọ̀ akápò wa ni a wọ̀, tòkunbọ̀ tó ti sìn ní Yúróòpù fún ọdún pípẹ́ kí ó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Ní Sàkẹ́tẹ́, a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a pa ẹ̀rọ ọkọ̀, a ra epo lọ́wọ́ ìyá kan tó to ìgò àti gàlọ́ọ̀nù sórí tábìlì. A tún ṣíná, a kọjá Pobẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpàdé ni a sì ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí iná kékeré kan tàn níwájú awakọ̀. Àwọ̀ ọsàn ni iná náà, àwòrán ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó sì gbé wọ̀. Àwọn mẹkaníìkì wa ń pè é ní voyant moteur. Ọkọ̀ kò dúró, kò tú èéfín, kò sì mì ju bí ó ti ń mì tẹ́lẹ̀ lọ. Iná náà ṣáà tàn, kò kú mọ́.

Kí ni ó fà á? Ìbéèrè yìí kò tíì jáde tán lẹ́nu akápò tí olùkọ́ àgbà tó jókòó lẹ́yìn fi fún un lésì pé, "Epo ìyá yẹn ni." Àwa yòókù mi orí. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í bí ó ti ṣe mọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti pa á lówe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? A ra epo, iná tàn. Ẹjọ́ tán.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ń padà bọ̀, a yà sọ́dọ̀ ìyá náà. Ohun tí a ṣe níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán nínú wa. A kò kí i bí ó ti yẹ. A dúró sójú títì, a pariwo lé e lórí pé ó ti da omi pọ̀ mọ́ epo, pé irú wọn ni ó ń ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn zémidjan tí ń ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, dá ẹsẹ̀ dúró, wọ́n ń wò wá. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, rọra gbé àrọ tí ó fi ń da epo sílẹ̀. Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin bàbá, epo kan náà ni mo ń tà fún gbogbo àwọn wọ̀nyí láti àná." A kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó ka 3,000 fránkì lé akápò lọ́wọ́, a sì bá tiwa lọ.

A ó padà sọ́dọ̀ ìyá yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí iná náà mọ̀, àti ohun tí kò mọ̀.

Òfin ni ó bí iná yìí. Ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí èéfín ọkọ̀ ti bo ojú ọ̀run ìlú Los Angeles fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba pàṣẹ pé láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1988, kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa kéde nígbà tí ohun tí ń dín èéfín rẹ̀ kù bá ní àbùkù. Ní ọdún 1996, ìlànà kejì, tí wọ́n ń pè ní OBD-II, di dandan fún àwọn ọkọ̀ kékeré tuntun jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, ọdún 2001 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ mú gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí ń lo ẹ̀sáǹsì. Ihò kan náà, tó ní eyín 16, ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní nítòsí ìdarí ọkọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó lè mọ àṣírí rẹ̀. Mẹkaníìkì abẹ́ igi pẹ̀lú gbọ́dọ̀ lè kà á. A fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà, a kò fi pamọ́. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí iná bá tàn níwájú wa, ẹni tí òfin kọ́kọ́ rò kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tí ń mí lẹ́yìn ọkọ̀ ni.

Kí awakọ̀ má sì fi iná yìí wé iná pupa ti òróró ẹ̀rọ tàbí ti ooru. Pupa ń pàṣẹ pé kí a dúró kíákíá. Iná ọsàn tó dúró sójú kan ń bẹ̀ wá pé kí a wádìí láìpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹ́jú, kí a dín eré kù, kí a sì wá ibi tí a ó gbé dúró sí, nítorí epo tí kò jó nínú ẹ̀rọ ń sàn lọ sínú catalyseur, ó sì lè jó o di eérú.

Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́, a gbé ọkọ̀ lọ sí garáàjì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi okùn àpótí ìwádìí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní valise, bọ inú ihò náà, ó sì ka àmì tó jáde: P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àdàlù tí ẹ̀rọ ń jó ti fúyẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré. Kí ẹ̀sáǹsì tó lè jó pérépéré, ìwọ̀n kan rẹ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tó 14.7. Èlò kékeré kan wà lójú ọ̀nà èéfín, sonde lambda, tí ń tọ́ èéfín wò bí ìyá ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná. Bí ó bá rí i pé afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi epo kún un. Bí àfikún náà bá pọ̀ títí tó fi kọjá ààlà tí wọ́n pa fún un, kọ̀ǹpútà á gbà pé ọ̀ràn náà ju agbára òun lọ, á sì tan iná.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ́ kí a mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, sonde ni ó bàjẹ́." A san 45,000 fránkì. Ó fi tuntun sí i, ó pa àmì náà rẹ́ lórí valise rẹ̀, iná kú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A tún ní kí ó fa gbogbo epo inú ọkọ̀ dànù, nítorí epo ìyá yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Akápò sì lọ ra òmíràn ní ilé epo kan láàrin ìlú. Ní ọjọ́ kẹta, ní òwúrọ̀, iná tún tàn.

Ẹ wo ohun tí a ṣe. Sonde ni ẹlẹ́rìí nínú ọ̀ràn yìí. Òun ni ó rí i pé afẹ́fẹ́ pọ̀, òun ni ó sọ ọ́, òun náà ni a sì yọ sọnù. Ẹlẹ́rìí lè purọ́, sonde pẹ̀lú lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ jẹ yọ nínú ẹjọ́, a pè é ní ọ̀daràn.

Ọ̀gá àgbà kan ni wọ́n júwe fún wa lẹ́yìn èyí. Garáàjì rẹ̀ kò ju ìbòòji igi máńgòrò kan àti páànù mẹ́rin lọ. Òun náà ní ẹ̀rọ tí ń ka àmì, kékeré kan tó so mọ́ fóònù, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ mú un jáde. Ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà wo ni iná náà kọ́kọ́ tàn? Ọkọ̀ ń sáré ni, àbí ó dúró? Ẹ̀rọ ti gbóná, àbí ó ṣì tutù? Ìtìjú gbáà ni ìdáhùn wa jẹ́. Akápò ní orí òkè ni a ń gùn. Olùkọ́ àgbà ní kété tí a kúrò ní Sàkẹ́tẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti kọjá Pobẹ̀. Ẹ̀bi tí ó ti dá ni ó ń fa ìrántí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kẹta ní ọkọ̀ ń sáré. Ẹnì kẹrin kò rántí nǹkan kan. Àwa mẹ́rin, ojú mẹ́jọ, ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọkọ̀ a máa kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: bí iná bá ti tàn, kọ̀ǹpútà á pa àwòrán ìṣẹ́jú náà mọ́, bí ẹ̀rọ ti ń yí sí, bí ooru rẹ̀ ti tó, bí ọkọ̀ ti ń sáré sí. Ó wò ó, ó mi orí. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ti lọ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pa àmì rẹ́, ó pa ẹ̀rí rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ti ọjọ́ kẹta ni ó kù: ẹ̀rọ ti gbóná, eré ọkọ̀ jẹ́ òdo, ẹ̀rọ ń yí ní ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ dúró sójú kan ni. Níbẹ̀ ni ẹni kẹrin wa, tí kò rántí nǹkan kan, ti yanu pé, "Màlúù!" Lóòótọ́ ni. Lọ́jọ́ ìrìnàjò Kétu, a ti dúró de agbo màlúù kan kí ó ré títì kọjá, nígbà tí a sì tún ń lọ ni akápò rí iná.

Ọ̀gá ṣí ẹ̀rọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì fi fóònù rẹ̀ hàn wá: kọ̀ǹpútà ń fi epo kún un ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní kí akápò tẹ epo títí ẹ̀rọ fi yí dé 2,500. Àfikún náà já wálẹ̀ sí ìdá 7. Ó wò wá bí olùkọ́ ti ń wo akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ̀yin alákọ̀wé, kí ni èyí sọ?" A kò mọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí epo bá ni ó kéré tàbí tó burú, àìtó náà kò níí dínkù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń béèrè epo púpọ̀ sí i. Yóò dúró bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó le sí i. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ihò kékeré kan yọ́ wọlé, ihò náà á ní agbára púpọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń mí díẹ̀díẹ̀; nígbà tí ẹ̀rọ bá sì ń mí gidi, afẹ́fẹ́ olè yẹn á di ìṣẹ́ kékeré láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ó mú rọ́bà gígùn kan, ó fi etí kan rẹ̀ sí etí tirẹ̀, ó ń fi èkejì wá ohùn káàkiri ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó dúró níbì kan. Rọ́bà afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ooru ti là á lẹ́nu. 2,500 fránkì. Láti ọjọ́ náà, iná kò tàn mọ́.

Kí a tó lọ, olùkọ́ àgbà, ẹni tí a gbọ́dọ̀ yìn nítorí pé kò sá fún ọ̀rọ̀ náà, bi ọ̀gá pé, "Ṣé kò lè jẹ́ pé epo Sàkẹ́tẹ́ dá kún un?" Ọ̀gá ní kí a ronú. Ọ̀pọ̀ nínú irú àmì yìí, kọ̀ǹpútà kì í tan iná ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá rí àbùkù. Á kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, á dúró de ìgbà tí a bá tún ṣíná ọkọ̀ fún ìrìn mìíràn. Bí ó bá tún rí i nígbà náà ni á tó kéde. Ó bi wá bóyá a pa ẹ̀rọ ọkọ̀ láàrin Sàkẹ́tẹ́ àti ibi tí iná ti tàn. A kò pa á. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ rí àbùkù náà ti wà kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn rárá. Ọmọ ti ń ṣàìsàn kí àjẹ́ tó ké.

A ti ronú púpọ̀ lórí òwe yẹn láti ìgbà náà. Àwa kò gbà pé òwe òmùgọ̀ ni. Ẹni tí kò bá fura sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn kí aburú tó dé, onítọ̀hún kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ìbéèrè "nígbà wo" ni ó kọ́kọ́ bi wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí òwe náà dáadáa: ìbéèrè ni ó parí sí. Ta ni kò mọ̀? Àwa tí a ń pa á kì í dúró gbọ́ èsì. Bí ẹnì kan bá dìde láàrin agbo tó ní, "Èmi kò mọ̀," òwe náà kò ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ìfura ni ó yẹ kí ó ṣí ìwádìí sílẹ̀. Lọ́wọ́ tiwa, òun ni ó ti ìlẹ̀kùn. Òwe mìíràn sì wà nílé tí a kò pè jáde lọ́jọ́ náà: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn babaláwo wa, yálà ó gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, yóò rántí pé àmì kì í tó ìdájọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Odù 256 ni ó wà, Bernard Maupoil sì fi ìwé ńlá kan ṣe àkọsílẹ̀ ètò náà bí wọ́n ti ń ṣe é ní Dahomey, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1943. Nígbà tí odù bá yọ lójú ọpọ́n, babaláwo kò tíì mọ ohun tó ń dun ẹni tó wá. Ẹsẹ púpọ̀ ni ó wà lábẹ́ odù kan. Yóò máa ki wọ́n, ẹni tó wá yóò máa gbọ́, títí èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu yóò fi dé. Odù sọ agbègbè tí a ó ti wá ọ̀rọ̀. Sùúrù àwọn méjèèjì ni ó ń rí i. P0171 jẹ́ irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó là wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa epo tí kò lágbára mọ́ wà nínú rẹ̀, èlò tí ń wọn afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí wà nínú rẹ̀, sonde tí ń purọ́ pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ odù, tó sì sáré lọ ra ẹran ìrúbọ kí wọ́n tó ki ẹsẹ kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin oní-valise yẹn.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Nígbà tí a dá sonde lẹ́bi láìṣẹ̀, owó ni ó bá a lọ. Irin kì í sunkún. Bí a bá fẹ́, a lè fi ìfura lásán pààrọ̀ irin mẹ́wàá, àpò wa nìkan ni yóò kérora. Ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí a ń béèrè kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi yẹ kí ó ju èyí tí a ń béèrè lórí irin lọ fíìfíì. Kí ni àwa ṣe? A fún irin ní valise, a fún un ní kọ̀ǹpútà, a fún un ní ọ̀gá méjì àti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Sàkẹ́tẹ́, ìṣẹ́jú kan ni a fún un.

Kí ló dé tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀? A rò pé orúkọ òwò rẹ̀ ti dá a lẹ́bi kí a tó dé. Kpayo ni àwọn tó ń sọ èdè Gùn ń pe epo etí ọ̀nà, èyí tí kì í ṣe ojúlówó. Epo tó ti Nàìjíríà gba ẹ̀bùrú wọlé ni, ìjọba kò fọwọ́ sí i, ewu rẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní agbègbè Sèmè, ẹ̀mí tó lé ní 30 ni ó bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí òwò yìí ní ọ̀pọ̀ ohun láti sọ, àwa náà ní tiwa. Ṣùgbọ́n pé òwò kan ní àbùkù kò sọ fún wa pé obìnrin yìí da omi mọ́ epo yìí lọ́jọ́ yìí. Àwa gan-an tí a pè é ní aláìṣòótọ́, àwa ni a dúró níwájú tábìlì rẹ̀ ra epo, nítorí pé owó rẹ̀ rọjú ju ti ilé epo lọ.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í tilẹ̀ dé ibi tí a dé yìí, nítorí pé wọn kì í wádìí rárá. A ti wọ tasín kan láti Pobẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ fi àwòrán ẹni mímọ́ kan lẹ̀ bo iná náà, ó sì dá wa lójú pé ẹni mímọ́ yẹn ni ó ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Kò yẹ kí a fi í ṣẹ̀sín ju bí ó ti tọ́ lọ. Iná tó ti ń tàn fún ọdún méjì, tí ọkọ̀ ṣì ń kó èrò, ìyẹn ti kọ́ awakọ̀ pé kò sí nǹkan. Ilé sì ń retí owó oúnjẹ lálẹ́. Ẹni tí ìyà ìdákẹ́ rẹ̀ ń jẹ kò sí nínú ọkọ̀: ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn ni, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ọlọ́kadà. Ìwà tó burú ju ti rẹ̀ lọ ni ti ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀, tó pa àmì rẹ́ ní òwúrọ̀, tó sì fi ojú pátákó tó mọ́ tónítóní han ẹni tó fẹ́ rà á ní ọ̀sán. Onítọ̀hún mọ̀, ó sì ń ta àìmọ̀ fún ọmọnìkejì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ mọ̀ pé ìparẹ́ pàápàá a máa fi ipa sílẹ̀: bí a bá pa àmì rẹ́, àwọn ìdánwò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ náà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di ẹ̀yìn ìrìn púpọ̀ kí wọ́n tó parí. Kí ó mú ẹni tó ní valise dání, kí ó béèrè bóyá ìdánwò wọ̀nyí ti parí. Bí wọn kò bá tíì parí nínú ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín ń búra pé ojoojúmọ́ ni òun ń wà á, kí ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Kí ó sì dúró gbọ́ èsì, nítorí pé bátìrì tí wọ́n yọ lè fa ohun kan náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ó pẹ́ kí a tó lọ, a kò ní purọ́. Ẹnì kan nínú wa ní 3,000 fránkì kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ rin ìrìn àjò. Ẹlòmíràn ní ó ṣeé ṣe kí ó ti gbàgbé. Ìpàdé mìíràn ní Kétu ni ó gbé wa gba ibẹ̀ kọjá, oṣù méjì lẹ́yìn náà, a sì pa ẹ̀rọ ọkọ̀ níwájú tábìlì rẹ̀.

Kò tíì gbàgbé. Ó ti mọ ọkọ̀ náà kí a tó sọ̀kalẹ̀, ó sì ti ní kí ọmọ rẹ̀ wọlé. A kí i, a kí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Olùkọ́ àgbà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣàlàyé rọ́bà tó là, ó ní kí ó má bínú, ó sì na owó náà sí i. Ìyá náà gbà á, ó kà á, ó ká a sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bú mi, ẹ pariwo kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Lónìí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀."

Àwọn ọlọ́kadà márùn-ún tàbí mẹ́fà jókòó lábẹ́ igi ní òdìkejì títì, wọ́n ń retí èrò. A wo ara wa. Olùkọ́ àgbà ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kọjá sọ́dọ̀ wọn. Láti ibi tí a dúró sí, a gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn ní ohùn rara.